Àyẹ̀wò Ìdí tí Owó Onírin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó Wà ní Ìpele Gíga fi Ṣọ̀wọ́n

Ìfáàrà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ léèrè ohun tó ń mú kí nǹkan ṣọ̀wọ́n, ohun tó sábà máa ń wá sí i lẹ́nu ni pé nǹkan náà kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn yìí mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n kò kárí. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ fi owó onírin tí wọ́n ná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpẹẹrẹ pé ọ̀tọ̀ ni iye tí a ṣe, ọ̀tọ̀ ni iye tó kù, ọ̀tọ̀ sì tún ni iye tó kù tí ara rẹ̀ ṣì rí bí ó ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n rọ ọ́. Ìsọ̀rí kẹta yìí ni àwọn olùṣàkójọ owó àtijọ́ ń wá kiri. Òun náà ni àlàyé wa yóò dá lé.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ díẹ̀ kan. Owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń pe owó tó ti inú òkun wá. Ìdí nìyí tí a kò fi lo orúkọ náà fún owó tí a fi fàdákà, bàbà tàbí wúrà ṣe. Owó onírin ni a ó máa pè é. Bákan náà, kọ́bọ̀ tí a ó mẹ́nu bà níhìn-ín kì í ṣe kọ́bọ̀ tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní ọdún 1973. Pẹ́nì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, èyí tí 12 nínú rẹ̀ jẹ́ ṣílè kan, tí 240 sì jẹ́ pọ́n-ùn kan, títí di ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1971 tí wọ́n yí ìṣirò owó wọn padà. Tọ́rọ́, sísì àti ṣílè kò ṣàjèjì sí etí àgbàlagbà kankan ní ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ wọn kù sẹ́nu wa bí owó náà fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ wa. Bí a bá dé ìparí iṣẹ́ yìí, a ó rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó wọ̀nyí ní London kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní Èkó.

Ohun tí à ń pè ní ìpele gíga

Àwọn olùṣàkójọ ní Ìlú Ọba ní orúkọ tí wọ́n fi ń sọ bí owó kan ṣe gbó tó. Fine ni wọ́n ń pe èyí tó ti gbó púpọ̀, ṣùgbọ́n tí a ṣì lè ka gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, tí a sì lè mọ ọba tí àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀. Very Fine ni èyí tó ti dé ọjà dáadáa, tí àwọn ibi tó yọ sókè lára àwòrán náà, bí irun tó wà lókè etí ọba, ti ń tẹ́. Extremely Fine ni èyí tó jẹ́ pé àfi kí a gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ kí a tó rí ibi tí ọwọ́ ti kàn án. Uncirculated ni èyí tí kò dé ọwọ́ ọlọ́jà rí rárá. Ìtànjẹ díẹ̀ wà nínú àwọn orúkọ yìí fún ẹni tó bá fi ojú èdè Gẹ̀ẹ́sì lásán kà wọ́n, nítorí owó tí a pè ní Fine kì í ṣe owó tó dára lójú olùṣàkójọ. Owó tó ti rẹ̀ ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn fẹ́ràn nọ́ńbà. Ní ọdún 1949, Dókítà William Sheldon gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀, láti 1 dé 70, fún sẹ́ǹtì ńlá tí wọ́n ń ná látijọ́ nílẹ̀ wọn. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ bíi PCGS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, àti NGC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, gba òṣùwọ̀n yìí lò fún owó gbogbo àgbáyé. Wọ́n á yẹ owó wò, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á sì sé e mọ́ inú ike tí a kò lè ṣí láìfọ́ ọ. Láti 60 lọ sókè ni owó tí kò dé ọjà rí. Àṣà yìí ti dé Ìlú Ọba náà, bí ọ̀pọ̀ olùṣàkójọ ibẹ̀ tilẹ̀ ṣì fẹ́ láti fi ìka méjì di etí owó mú, kí wọ́n yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná fúnra wọn. Ní èrò tiwa, ìyàtọ̀ tó wà láàrin 64 àti 65 kò ju ohun tí àgbà méjì tí ojú wọn dá ṣáṣá lè jiyàn lé lórí di alẹ́. Síbẹ̀, ó lè sọ iye owó náà di ìlọ́po méjì.

Ohun tí wọ́n ń wò lábẹ́ iná ju gbígbó lọ. Nígbà tí òǹtẹ̀ bá tẹ owó, irin inú rẹ̀ á ṣàn láti àárín lọ sí etí, á sì fi ìlà tíntìntín tí ojú lásán kò lè kà sílẹ̀ lójú owó náà. Ìlà wọ̀nyí ni ó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ máa yí lórí owó tuntun bí àgbá kẹ̀kẹ́ nígbà tí a bá ń yí i lọ́wọ́. Dídán àbínibí yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ ènìyàn dá padà. Bí ó bá ti lọ, ó lọ náà nìyẹn.

Iye tí wọ́n rọ àti iye tó kù

Ẹ jẹ́ kí á mú owó mẹ́ta wò. Royal Mint, ìyẹn ilé iṣẹ́ ọba tí wọ́n ti ń rọ owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rọ kráùn 932 péré ní ọdún 1934. Kráùn ni owó fàdákà ńlá tó jẹ́ ṣílè márùn-ún. Ní ọdún 1905, nígbà Ọba Edward Keje, wọ́n rọ owó ṣílè méjì àti sísì, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní half-crown, 166,008. Ní ọdún 1917, wọ́n rọ sovereign, owó wúrà tó jẹ́ pọ́n-ùn kan, 1,014,714 ní London. Bí a bá kọ nọ́ńbà mẹ́ta yìí sí ojú pátákó, tí a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ èyí tí yóò ṣòro jù láti rí ní ipò tó mọ́ tónítóní, yóò ní ti 1934 ni. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Kráùn irú ti 1934 kì í ṣe owó tí wọ́n rọ fún ọjà. Láàrin 1927 sí 1936, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń béèrè fún un, pàápàá nígbà Kérésìmesì, láti fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ta ni yóò gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ tí yóò fi lọ ra búrẹ́dì? Inú àpótí ni púpọ̀ nínú wọn bá lọ. Lóòótọ́, owó gọbọi ni wọ́n ń tà á, nítorí 932 kò lè yí gbogbo ẹni tó ń wá a ká. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ yóò rí i rà, ara rẹ̀ yóò sì jọlọ̀.

Half-crown ti 1905 yàtọ̀. Ó sún mọ́ owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe oko ní England nígbà náà, ẹni tó bá sì gbà á lọ́jọ́ Sátidé ti jẹ gbèsè rẹ̀ tán kó tó di ọjọ́ Ajé. Kò sí ohun tuntun lára rẹ̀ tí yóò mú kí ẹnikẹ́ni fi pamọ́: àwòrán tó wà lára ti 1902 náà ló wà lára rẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà pé ìwọ̀nba ni wọ́n rọ. Àwọn olùṣàkójọ ayé ìgbà náà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọlọ́rọ̀ àti ọ̀mọ̀wé, owó Gíríìkì, ti Róòmù àti ti àwọn ọba àtijọ́ ni wọ́n ń lé. Ṣéńjì inú àpò wọn kò jọ wọ́n lójú. Báyìí ni owó náà ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ fún nǹkan bí ogójì ọdún. Èyí tó kù ní ìpele Fine kì í ṣe ìyanu, èyí tó kù ní Uncirculated ni olùṣàkójọ lè fi ọdún gbọọrọ dúró dè. Nítorí èyí ni ayédèrú 1905 fi wà níta, tí ẹni tó mọ̀ kì í fi rà á láìgbé e lé òṣùwọ̀n.

Ti sovereign 1917 ló yani lẹ́nu jù. Ó lé ní mílíọ̀nù kan, síbẹ̀ ó wà lára èyí tó ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo sovereign ìgbà Ọba George Karùn-ún. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, Ìlú Ọba sì ń ra ohun ìjà àti oúnjẹ ní Amẹ́ríkà. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ fara mọ́ ni pé ibẹ̀ ni wọ́n kó wúrà yìí lọ láti fi san owó ọjà àti gbèsè, tí wọ́n sì yọ́ ọ sínú iná níbẹ̀. Sovereign tí wọ́n rọ ní Perth àti Sydney ní Ọsirélíà ní ọdún kan náà kò ṣòro rí. Lẹ́tà kékeré P tàbí S tó wà lórí ìlà ilẹ̀ lókè ọdún ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ẹ wò ó bí lẹ́tà kan ṣoṣo ṣe ya owó méjì tí wọ́n jọ wà ní ọjọ́ orí kan náà sọ́tọ̀.

Òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí ni ti 1887. Ọdún náà ni Ọbabìnrin Victoria pé àádọ́ta ọdún lórí oyè, tí wọ́n sì fi àwòrán tuntun tí Joseph Edgar Boehm yà, èyí tí adé kékeré kan wà lórí rẹ̀, sára owó. Nítorí pé ó jẹ́ tuntun, tí ọdún náà sì jẹ́ ọdún àjọ̀dún, àìmọye ènìyàn mú ọ̀kan tàbí méjì pa mọ́. Ti sísì tún ní ẹ̀fẹ̀ nínú. Ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ti owó wúrà ṣílè mẹ́wàá, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí. Àwọn gbájúẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi wúrà lá a, wọ́n ń ná sísì bí ẹni ń ná ṣílè mẹ́wàá! Kíá ni ìjọba dá rírọ rẹ̀ dúró, tí wọ́n sì dá àwòrán àtijọ́ padà sẹ́yìn rẹ̀. Ìròyìn yìí fúnra rẹ̀ mú kí àwọn ènìyàn tún fi púpọ̀ sí i pa mọ́. Títí di òní, owó fàdákà 1887 tó ń dán gbinrin kò ṣòro rí rárá. Àwọn tí wọ́n rọ lẹ́yìn rẹ̀ títí di 1892, tí wọn kò jẹ́ tuntun lójú ẹnikẹ́ni mọ́, ni a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ní irú ipò yẹn.

Ohun tí a rí kọ́ nínú àwọn àpẹẹrẹ yìí ni pé ìwé àkọsílẹ̀ Royal Mint lè sọ iye tó jáde fún wa, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí àwọn ènìyàn rò nípa owó náà lọ́jọ́ tó dé ọwọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ èrò ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí ló sábà máa ń pinnu ohun tí yóò kù.

Iná, òfin àti òṣùwọ̀n

Yàtọ̀ sí ìnáwó ojoojúmọ́, ìjọba fúnra rẹ̀ a máa kó owó padà. Láàrin 1696 sí 1699, nígbà Ọba William Kẹta, wọ́n kó àwọn owó fàdákà tí wọ́n fi òòlù rọ, tí àwọn olè ti ń gé etí wọn jẹ, wọ́n sì yọ́ wọn. London nìkan kò ká iṣẹ́ náà. Wọ́n ní láti dá ibi ìrọwó sílẹ̀ ní Bristol, Chester, Exeter, Norwich àti York. Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí gbogbo ayé mọ̀, wọṣẹ́ ní Royal Mint ní ọdún 1696 yìí gan-an. Ní 1816 àti 1817, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì dín ìwọ̀n fàdákà tó wà nínú ṣílè kù.

Òfin wúrà tún le ju èyí lọ. Sovereign tuntun wọ̀n ní gíráàmù 7.99. Bí ó bá ti fẹ́ẹ́rẹ́ ju 7.94 lọ, kì í ṣe owó lábẹ́ òfin mọ́. Ìyàtọ̀ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù péré ni, àpò ṣòkòtò nìkan sì tó láti fà á láàrin ogún ọdún. Ní 1868, W. S. Jevons, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ṣe ìwádìí lórí sovereign tó wà lọ́jà, ó sì rí i pé èyí tó lé ní ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni kò kún ìwọ̀n mọ́. Irú wọn padà sínú iná nígbà tí ìjọba kó wúrà fífúyẹ́ nílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1890.

Ní ti fàdákà, ọdún 1920 àti 1947 ni kí a rántí. Òfin sọ pé kí á máa rọ owó ṣílè márùn-ún àti sísì, ìyẹn kọ́bọ̀ 66, láti inú áónsì fàdákà kan. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 1920, áónsì fàdákà kan lé ní kọ́bọ̀ 89 lọ́jà. Èyí já sí pé irin inú ṣílè níye lórí ju ṣílè lọ. Ìjọba dín fàdákà inú owó kù láti 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 50. Ní 1947, wọ́n yọ fàdákà kúrò pátápátá, nítorí pé Ìlú Ọba ní láti dá mílíọ̀nù 88 áónsì fàdákà tí ó yá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì padà fún Amẹ́ríkà. Báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa owó fàdákà sọ́tọ̀ bí ó ṣe ń wọlé, wọ́n ń kó o lọ fún yíyọ́. Kò sí ẹni tó dúró wo èyí tó jẹ́ 1905 nínú wọn.

Kọ́bọ̀ bàbà ní tirẹ̀ kò bá iná pàdé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá àkókò pàdé. Kọ́bọ̀ tí wọ́n rọ ní àwọn ọdún 1860 ni àwọn ènìyàn ṣì ń gbà ní ṣéńjì ní àwọn ọdún 1960, kó tó di pé wọ́n kó wọn nílẹ̀ ní 1971. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di pẹrẹsẹ, orí Victoria ti di òjìji lásán. Ìgbà tí àwọn ọmọ iléèwé àti àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kọ́bọ̀ jọ ní ọdọọdún, ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọjọ́ ti lọ.

Àbùkù tó ti ilé wá

Kì í ṣe gbogbo owó ló jáde láìlábùkù. Lára kọ́bọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ rọ fún Ọba George Karùn-ún, láti 1911, àwòrán orí ọba tí Bertram Mackennal yà tóbi, ó sì yọ sókè. Nígbà tí òǹtẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, orí ńlá yìí a máa fa irin sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ojú kejì, níbi tí Britannia jókòó sí, kò sì ní rí irin tó. Àyà Britannia á tẹ́, òjìji orí ọba á sì hàn lẹ́yìn rẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe láti 1926 ló mú kí èyí rọlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń wá kọ́bọ̀ ìgbà yẹn tí gbogbo àwòrán ara rẹ̀ pé, kì í ṣe èyí tí kò gbó nìkan ló ń wá. Èyí tí wọ́n tẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ kìíní ló ń wá, ìyẹn sì kéré.

Kọ́bọ̀ ńlá tí Matthew Boulton fi ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi rọ ní Soho, nítòsí Birmingham, ní 1797, ní ìṣòro tirẹ̀. Áónsì kan gbáko ni kọ́bọ̀ kan, áónsì méjì ni ti kọ́bọ̀ méjì, etí wọn sì nípọn bí etí àwo. Bí irú owó wúwo bẹ́ẹ̀ bá bọ́ lé ara wọn nínú àgbá, etí wọn á kọ́kọ́ ṣá. Èyí tí etí rẹ̀ kò ní ojú ọgbẹ́ ni ó ṣòro.

Ọ̀rọ̀ tó wúni lórí jù lábẹ́ ìsọ̀rí yìí ni ti owó tí Royal Mint mọ̀ọ́mọ̀ pa láró. Láti 1897 títí di 1918, wọ́n ń sọ owó tó jẹ́ ìdá mẹ́rin kọ́bọ̀ di dúdú kí ó tó kúrò nílé iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi dídán rẹ̀ tan ènìyàn jẹ pé owó wúrà ṣílè mẹ́wàá ni, nítorí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún kọ́bọ̀ 1934 àti 1935, wọ́n sì tún ṣe é láti 1944 sí 1946, kí àwọn ènìyàn má bàa máa fi kọ́bọ̀ tuntun pa mọ́ nítorí pé ó ń dán. Èyí já sí pé kọ́bọ̀ 1945 tó dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ lè wà ní ìpele tó ga jù lọ, èyí tó sì ń tàn yanran bí ide ọjọ́ ọdún lè jẹ́ èyí tí ẹnì kan ti fọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò bá ṣàlàyé èyí fún yóò mú èyí tó bàjẹ́, yóò fi èyí tó dára sílẹ̀.

Ìmọ́tótó tó ń ba owó jẹ́

Ní ilẹ̀ wa, ohun èlò ide tí a bá bọ̀wọ̀ fún, a máa ń fọ̀ ọ́. Eérú, iyanrìn kíkúnná àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni àwọn ìyá wa ń lò, ide náà á sì tàn. Àṣà yìí dára fún ide ojú ọjọ́ ọdún. Ikú ni fún owó àtijọ́. Àwọ̀ ilẹ̀ tàbí búlúù tó máa ń bo fàdákà, àti àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó máa ń bo bàbà, láti inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti wá díẹ̀díẹ̀, wọn kò sì pa owó náà lára. Bí a bá fi eérú ho wọ́n, ìlà tíntìntín tí òǹtẹ̀ fi sílẹ̀ lójú owó, èyí tí a ti sọ ṣáájú, bá wọn lọ. Bí a bá fi omi ọsàn sí i, ó ń jẹ irin náà gan-an. Owó náà yóò dán, ṣùgbọ́n yóò dán bí ṣíbí.

Àwọn ará Ìlú Ọba náà jẹ̀bi ẹ̀sùn yìí. Àwọn kan nínú àwọn olùṣàkójọ ìgbà Victoria a máa nu owó wọn déédéé kí ó lè wu àlejò nínú àpótí onígíláàsì. A ṣì ń rí àmì aṣọ ìnuwọ́ wọn, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó jọ ibi tí adìyẹ ta sí, lójú owó tí kì bá ti wà ní ìpele gíga. Owó tí ọjà kò pa, ìfẹ́ olówó rẹ̀ ló pa á.

Owó wọn nílẹ̀ wa

Kó tó di 1912, owó fàdákà tí wọ́n ń ná ní London náà ni wọ́n ń ná ní Èkó. Láti 1894 ni Bank of British West Africa ti ń kó o wọlé láti Royal Mint. Ó pọ̀ débi pé ìjọba Ìlú Ọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, tí Lord Emmott jẹ́ alága rẹ̀, láti wo ohun tí a óò ṣe sí i. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ yìí ló bí West African Currency Board ní 1912. Láti 1913, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì tiwa, fàdákà 92.5 bíi ti London. Nígbà tí fàdákà wọ́n ní 1920, wọ́n fi àdàlú bàbà rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó fàdákà wọ̀nyí nílẹ̀ wa le ju ti Ìlú Ọba lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà yọ́ ọ ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka, àwọn mìíràn lu ihò sí i láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ọrùn, ẹlòmíràn sì rì í mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò níbi tí omi òjò ti ń bá a. Onínì, tí ó jẹ́ ìdá mẹ́wàá kọ́bọ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ fi alumíníọ́mù ṣe ní 1907 àti 1908, kò tilẹ̀ nílò alágbẹ̀dẹ: oyinrin àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ló jẹ ẹ́, tí wọ́n fi ní láti wá irin mìíràn kíá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán, ilé tó gbẹ àti àpótí igi pa díẹ̀ mọ́. Níbí, ta ni ìbá fi ṣílè kan tó lè ra oúnjẹ pa mọ́ nítorí pé ojú rẹ̀ mọ́? Ìdí nìyí tí ṣílè 1913 sí 1920 tó wà ní ìpele gíga fi ṣọ̀wọ́n lónìí, tí èyí tó sì wà fi jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ló sábà máa ń wà.

Síbẹ̀, owó tó gbó wúlò fún olùkọ́ ju èyí tó wà nínú ike lọ. Láti 1816 títí di ìgbà tí wọ́n pa á tì, ìwọ̀n ṣílè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò yí padà: gíráàmù 5.66 ni ṣílè kan, 11.31 ni ṣílè méjì, 14.14 ni ṣílè méjì àti sísì. Ìwọ̀n kan náà ni ti ṣílè fàdákà West African Currency Board. Kí olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá àgbà wọn, kí wọ́n mú un wá láìfọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n tó wà ní yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wọ̀n ọ́n. Ṣílè tó bá wọ̀n ní 5.20 ti pàdánù gíráàmù 0.46, ìyẹn bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìka ọwọ́ àwọn oníṣòwò, àpò àwọn agbèrò àti ìdí ìró àwọn ìyá ọlọ́jà ló pín fàdákà náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwọ̀n tó rí sílẹ̀, pẹ̀lú ọdún tó wà lára owó náà àti orúkọ ìlú tí wọ́n ti rí i, kí wọ́n tó dá a padà fún olówó rẹ̀.